Ọbẹ̀ Ló Ń Dáni Lágara, Ẹja Kọ́

Ẹni tó bá ní òun kórìíra oúnjẹ sísè, ẹ má tíì pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ojú rẹ̀ ń rí nídìí iná. Bó bá ń dá gbé ní Ìjù, ní Àkúrẹ́ tàbí ní ìlú Oǹdó, ohun tí wọ́n kọ́ ọ láti kékeré ni pé ọbẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí oúnjẹ tó lè wà. Yóò fọ tàtàṣé àti ata rodo, yóò bó àlùbọ́sà, yóò gbé gbogbo rẹ̀ tọ ẹlẹ́rọ ata lọ bí iná kò bá sí nílé, yóò sè é kí omi ara rẹ̀ lè fà, yóò sì dín in nínú òróró títí kíkan rẹ̀ yóò fi kúrò. Ẹran tàbí ẹja ńkọ́? Yóò bọ ìyẹn lọ́tọ̀, yóò dín in lọ́tọ̀, kó tó wá dà á sínú ata. Lẹ́yìn èyí ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ ro ẹ̀bà tàbí kó se ìrẹsì, tí yóò sì padà wá fọ ìkòkò, páànù, ọbẹ àti abọ́ tó ti kún ilẹ̀. Wákàtí méjì ti lọ, ẹnu kan ṣoṣo ló sì fẹ́ jẹun. Èrò mi ni pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ní òun kórìíra oúnjẹ sísè, iṣẹ́ ọbẹ̀ ló kórìíra. Bí a bá yọ ẹja kúrò nínú ọbẹ̀, tí a jẹ́ kó dá dúró bí oúnjẹ, iṣẹ́ tó kù kò ní gbà ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ, àǹfààní tí ara yóò sì rí níbẹ̀ yóò ju ti ẹja tí wọ́n dín gbẹ sínú ata olóróró.

Ká lè mọ ìdí tí iṣẹ́ yìí fi wúwo, ó yẹ ká wo irú ilé tí wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Agbo ilé ni wọ́n fi wọn ìkòkò ọbẹ̀ Yorùbá. Nínú agbo ilé, ẹnì kan ń lọ ata, ẹlòmíràn ń pọnmi, ọmọdé kan ń fẹ́ iná, ìyá kan ń ro ó, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń jẹ nínú rẹ̀. Tí a bá pín làálàá náà sórí gbogbo àwọn tó jẹun, díẹ̀ ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ayé ti yí padà sí ti yàrá kan. Yunifásítì FUTA ti wà ní Àkúrẹ́ láti 1981, yunifásítì UNIMED wà ní Oǹdó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nínú wọn sì ń gbé inú yàrá wọn. Láti 1973 tí wọ́n ti dá ètò agùnbánirọ̀ sílẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń lọ sìnlú níbi tí wọn kò ti ní ará tàbí ojúlùmọ̀. Àwọn olùkọ́ wà tí wọ́n gbé lọ sí Ìjù àti Ìta-Ògbólú tí ìdílé wọn kò sì tẹ̀ lé wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wà ní Alágbàká ní Àkúrẹ́ tó jẹ́ pé òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rí ilé. Àwọn opó àti àwọn àgbà wà tí gbogbo ọmọ wọn ti lọ sí Èkó tàbí Lọ́ńdọ̀nù. Gbogbo wọn ń fi ọwọ́ méjì ṣe iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ọwọ́ mẹ́wàá. Nígbà tó bá sú wọn, wọn a se ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan náà. Iná mànàmáná á lọ, fìríìjì á gbóná, ọbẹ̀ á kan lọ́jọ́ kẹta, wọn a sì dà á nù. Ẹni tó bá ti da irú ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀ nù lẹ́ẹ̀mejì, kò sí ìwàásù tó lè mú un fẹ́ràn ìdáná.

Ẹja lè yanjú ọ̀rọ̀ yìí nítorí bí Ọlọ́run ṣe dá ara rẹ̀. Màlúù ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rin gbé gbogbo ara rẹ̀ káàkiri, nítorí náà iṣan rẹ̀ gùn, okùn líle tó so iṣan náà pọ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní collagen, sì pọ̀ lára rẹ̀. Kí okùn yìí tó lè rọ̀, ẹran gbọ́dọ̀ pẹ́ lórí iná. Ìdí nìyẹn tí ẹran màlúù tó ti gbó fi lè lo wákàtí kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìkòkò kí eyín tó lè ràn án. Omi ló ń gbé ẹja ní tirẹ̀. Iṣan rẹ̀ kúrú, ó tò ní ìpele-ìpele, collagen tó wà láàárín wọn kéré, kò sì pẹ́ rárá kó tó rọ̀ nínú ooru. FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, sọ pé bí àárín ẹja bá ti gbóná dé ìwọ̀n 63 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó ti jinná. Omi tó ń hó ti dé 100. Ẹ̀ka ìjọba Kánádà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ẹja ti kọ́ àwọn èèyàn wọn ní ìlànà kan tí kò ṣòroó rántí: ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún ìnṣì kọ̀ọ̀kan tí ẹja bá fi nípọn. Ègé ẹja tí wọ́n ń gé lọ́jà wa kì í sábà nípọn ju ìnṣì kan lọ. Àkókò tó ń lọ nínú ẹja jíjẹ wa, dídín rẹ̀ àti ata tí a fi ń yí i ká ló ń jẹ ẹ́. Ẹja fúnra rẹ̀ kì í dáni dúró.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹja Titus bí àpẹẹrẹ, èyí tí àwọn ẹlẹ́ja oníyìnyín ń tà ní Ọjà Ọba Àkúrẹ́, ní Ìsìnkàn àti ní ọ̀pọ̀ ọjà mìíràn ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹni tó ń dá gbé yóò ra ẹyọ kan, yóò sì ní kí ẹlẹ́ja yọ ìfun àti nǹkan pupa abẹ́ etí rẹ̀, kó gé e sí mẹ́rin. Iṣẹ́ tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú jù lọ ti parí lọ́jà nìyẹn. Nílé, yóò fi omi àti iyọ̀ ṣan ẹja náà. Yóò gé àlùbọ́sà kan pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, yóò to ẹja lé e lórí, yóò gé ata rodo kan àti tòmátò kan sí i, yóò fọ́n iyọ̀ díẹ̀ àti atalẹ̀ tó rin sí i, yóò bu omi tí kò ju ìdajì ife lọ, yóò sì fi ọmọrí dé e pa. Lórí iná tí kò le jù, ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí méjìlá ti tó. Kò ní rò ó, kò ní yí i padà, nítorí ẹja tó jinná kì í fẹ́ kí wọ́n máa fọwọ́ kàn án. Kó tó sọ̀ ọ́, yóò já ewé ẹfinrin sí i. Kò sí òróró nínú gbogbo èyí, nítorí ọ̀rá ti wà lára Titus láti inú òkun tó ti wá. Ọ̀rá náà yóò jáde bá omi àlùbọ́sà, yóò sì di omi ẹja tó ṣeé fi jẹ iṣu, ìrẹsì, ẹ̀bà tàbí búrẹ́dì. Ìkòkò kan, ọbẹ kan àti abọ́ kan ló kù láti fọ̀.

Ẹni tí kò tilẹ̀ fẹ́ tan iná lẹ́ẹ̀mejì, kó jẹ́ kí iṣu àti ẹja jọ jinná. Bí iṣu bá ti hó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó fi ewé eéran wé ègé ẹja méjì pẹ̀lú àlùbọ́sà, ata àti iyọ̀, kó gbé e lé orí iṣu náà, kó sì dé ìkòkò. Ooru tó ń ru láti inú omi iṣu ni yóò sè é. Bẹ́ẹ̀ náà ni èèyàn lè ṣe sí orí ìrẹsì tí omi rẹ̀ ti ń fà. Ní ọjọ́ tí kò bá sí ẹja tútù, àrọ̀ gbígbẹ wà. Kó fi omi gbígbóná àti iyọ̀ fọ̀ ọ́, kó yọ egungun àárín rẹ̀, kó fi í sínú omi díẹ̀ pẹ̀lú irú, ata gígún àti ṣíbí epo pupa kan, kó sì da ṣọkọ tàbí tẹ̀tẹ̀ tó ti rẹ́ lé e. Oúnjẹ alẹ́ ti dé, kò sì sí ohun tó dín. Ẹni tó bá ti rẹ̀ kọjá ìyẹn, agolo sádíìnì ṣì ń bẹ. Kó ro òróró inú rẹ̀ dànù, kó má sì ju egungun inú rẹ̀ nù, torí pé egungun náà ti rọ̀, èròjà kálísíọ́ọ̀mù tí ń mú egungun tiwa le sì pọ̀ nínú rẹ̀.

Ohun tó yẹ kó mú inú ẹni tó kórìíra ìdáná dùn jù ni pé nínú ọ̀rọ̀ ẹja, ọ̀nà tó rọrùn náà ló ń ṣe ara lóore. Ní 2003, ìwé ìròyìn ìṣègùn tí ń jẹ́ Circulation gbé èsì ìwádìí kan jáde nípa àwọn àgbà 3,910 ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún 65 sókè, tí àwọn onímọ̀ sì ti ń tọpa wọn fún ọdún pípẹ́. Ikú àrùn ọkàn kò pọ̀ láàárín àwọn tó ń jẹ tuna tàbí ẹja tí wọ́n yan bó ṣe pọ̀ láàárín àwọn tí kì í jẹ ẹ́. Àwọn tó jẹ́ pé ẹja díndín ni wọ́n ń jẹ kò rí irú àǹfààní yìí. Òótọ́ ni pé irú ẹja tí wọ́n sábà ń dín lọ́hùn-ún kì í ṣe irú ẹja ọlọ́ràá tí wọ́n ń yan, nítorí náà a kò lè di gbogbo ẹ̀bi náà ru òróró. Síbẹ̀, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú páànù kò fara sin. Bí ẹja bá ń dín, lára ọ̀rá tirẹ̀ ń jáde, òróró ń wọlé gba ipò rẹ̀. Ọ̀rá tirẹ̀ yìí ni omega-3 wà nínú rẹ̀, èyí tí a tìtorí rẹ̀ ń yin ẹja ọlọ́ràá, kò sì fara da iná líle tó bá pẹ́. Bí ó bá wá jẹ́ òróró àná ni wọ́n tún gbé kaná, tí wọ́n sì dín in títí ó fi le kánkán, ẹni tó jẹ ẹ́ ti san owó Titus, òróró ló sì ń jẹ.

Kò yẹ ká sọ ẹja di oògùn ajẹ́bíidán. Ní 1989, àwọn dókítà ní Wales tẹ èsì ìwádìí kan jáde tó ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Wọ́n kó ọkùnrin 2,033 tí àrùn ọkàn ti kọlù rí jọ, wọ́n gba àwọn kan nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa jẹ ẹja ọlọ́ràá ní ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì, ikú àwọn tó gba ìmọ̀ràn náà fi nǹkan bí ìdá 29 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tí kò gbà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọkùnrin tó ní ìrora àyà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2003, wọn kò rí àǹfààní yẹn. Ohun tí ọlọgbọ́n lè rí fà yọ ni pé ẹja kò lè wo ẹni tí àrùn ti wọ̀ lára sàn, kò sì lè gba ipò dókítà. Oúnjẹ ni, ó sì dára ju ọ̀pọ̀ ohun tó ń gba ipò rẹ̀ nínú abọ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ àrùn ọkàn ní Amẹ́ríkà fi ṣì ń gba àwọn èèyàn níyànjú pé kí wọ́n jẹ ẹja lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tí ètò ìlera ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì ń sọ ohun kan náà, pé kí ọ̀kan nínú méjèèjì jẹ́ ẹja ọlọ́ràá, kí ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan sì tó gíráàmù 140 lẹ́yìn tó bá jinná. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kì í ṣe ẹrù tó pọ̀ jù fún ẹnikẹ́ni, ì báà kórìíra iná bí ẹni kórìíra ejò.

Iyọ̀ náà wà níbẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí àgbàlagbà má jẹ iyọ̀ tó gíráàmù márùn-ún lójúmọ́, èyí tí kò ju ṣíbí ìmutíì kan lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ríru àti rọpárọsẹ̀ ń pa àwọn èèyàn wa láìdáwọ́ dúró. Ọbẹ̀ ńlá ló ń fa mágí púpọ̀: ata pọ̀, omi pọ̀, ẹran inú rẹ̀ kéré, adùn sì gbọ́dọ̀ ti ibìkan wá, iyọ̀ ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi ṣe mágí. Ẹja tó dá dúró kò nílò rẹ̀. Òkun ti fi adùn sí i, àlùbọ́sà, atalẹ̀, ata rodo àti ẹfinrin yóò sì gbé e jáde. Ẹni tó bá ń fẹ́ adùn tó jinlẹ̀ kó lo irú díẹ̀, kó sì fi iyọ̀ sí i níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ẹni tó ń se oúnjẹ ẹnì kan ṣoṣo tún ní àǹfààní tí alásè agbo ilé kò ní: kò sí ẹnu ẹlòmíràn tó gbọ́dọ̀ tẹ́ lọ́rùn, ó lè dín iyọ̀ kù díẹ̀díẹ̀ títí ẹnu rẹ̀ yóò fi mọ́ ọn lára.

Ẹlòmíràn á ní, kí ló dé tí òun kò kúkú ra oúnjẹ jẹ? Búkà kún Àkúrẹ́ àti Oǹdó, àwọn ìyá tó ń ta iyán níbẹ̀ sì mọ iṣẹ́ wọn. Kò sí ẹni tó ní kí a má lọ mọ́. Ṣùgbọ́n olóúnjẹ gbọ́dọ̀ jèrè, ẹja rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dúró láti òwúrọ̀ di alẹ́ láìbàjẹ́. Ohun méjèèjì yìí ló ń mú kí ègé ẹja kéré, kí wọ́n sì dín in gbẹ. Ẹni tó bá ń jẹ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, òkèlè ló ń sanwó fún jù. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, búkà kọ́ ni alátakò tó le jù. Alátakò gidi ni índómì. Ní alẹ́ tí ó bá rẹ akẹ́kọ̀ọ́ tàbí òṣìṣẹ́, ọ̀rá índómì ló ń wò, nítorí ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ohun tí mo fẹ́ kó rò ni pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún àti ìṣẹ́jú méjìlá kò tó ohun tí ara ń pàdánù. Kò tilẹ̀ pọn dandan kó yan ọ̀kan: kó sọ ègé ẹja kan àti ẹ̀fọ́ díẹ̀ sínú índómì náà, kó fi ìdajì èròjà oníyọ̀ inú ọ̀rá rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ti di oúnjẹ tó ní láárí.

Àtakò tó kàn ni owó, kò sì ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ẹja tí Nàìjíríà ń mú jáde lọ́dún lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù, ohun tí a nílò sì lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta. Òkè òkun ni wọ́n ti ń kó ọ̀pọ̀ nínú èyí tó kù wá, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà á. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye tí náírà jẹ́, gbogbo ohun tí wọ́n ń fi dọ́là rà ló ti gbówó lórí, Titus kò sì yọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò gbogbo ìkòkò, ká má ṣírò ẹja nìkan. Ọbẹ̀ ń gba tàtàṣé, tòmátò, òróró, owó ẹ̀rọ ata, mágí, àti gáàsì tó ń jó fún ìgbà pípẹ́. Ẹja inú ìkòkò kékeré kò gbà ju àlùbọ́sà kan, ata kan àti gáàsì ìṣẹ́jú méjìlá. Lẹ́yìn ìyẹn, gíráàmù 140 lẹ́ẹ̀mejì kò ju 280 lọ lọ́sẹ̀. Ẹyọ Titus kan tó tóbi díẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kájú rẹ̀. Aládùúgbò méjì tí yàrá wọn kọjú síra wọn lè ra ẹyọ kan kí wọ́n pín in. Titus nìkan kọ́ ni ẹja. Ṣáwá kò gbówó lórí tó o, ọ̀rá tó dára sì wà lára rẹ̀. Àwọn tó ń sin àrọ̀ àti èpìyà nínú adágún wà káàkiri, FUTA sì ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹja sínsìn. Láti Igbókòdá ní ilẹ̀ Ìlàjẹ ni ẹja òkun àti ẹja gbígbẹ ti ń gòkè wá. Omega-3 inú àrọ̀ àti èpìyà kò tó ti Titus, ṣùgbọ́n èròjà amúaradàgbà wọn kò kẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń yára jinná bíi rẹ̀.

Àtakò kẹta ni ti iná mànàmáná, òun ló sì yẹ ká fún ní ìṣọ́ra jù, nítorí ẹja tó bàjẹ́ lè gbéni dè. Bí ẹja bíi Titus, Kote tàbí sádíìnì bá pẹ́ nínú ooru, kòkòrò àìfojúrí á sọ èròjà kan nínú ara rẹ̀ di histamine. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ lè pọ́n, ara lè máa yún un, orí lè fọ́ ọ, ó sì lè máa bì. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé iná kò lè pa histamine. Ẹni tó bá ní òun yóò sè é dáadáa kó lè dára ti pẹ́ jù. Nítorí náà, kí ẹni tí kò ní fìríìjì tó ṣeé gbára lé ra ìwọ̀n tí yóò jẹ tán lọ́jọ́ náà, kó sì rà á nígbà tó bá ń darí lọ sílé. Kó yan ẹja tí yìnyín ṣì gan mọ́, tí ikùn rẹ̀ kò bẹ́, tí òórùn rẹ̀ kò le. Bí ó bá jẹ́ ẹja tútù tí kò wọ yìnyín, kí ẹyinjú rẹ̀ mọ́, kí abẹ́ etí rẹ̀ pupa, kí ara rẹ̀ ta padà bí ìka bá tẹ̀ ẹ́. Ẹja gbígbẹ ni ìrànlọ́wọ́ fún ọjọ́ yòókù, òun náà sì ní ìṣọ́ra tirẹ̀. Àwọn oníṣòwò kan ń fi oògùn apakòkòrò dichlorvos tọ́jú ẹja gbígbẹ àti ẹ̀wà, ọ̀rọ̀ náà le débi pé NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, fòfin de ìgò kékeré rẹ̀ lọ́jà ní 2019. Ẹja gbígbẹ tí eṣinṣin kò fẹ́ bà lé, tí ó ń rùn bí oògùn, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Èéfín tó pọ̀ jù kò sì dára fún ara, nítorí náà ẹja gbígbẹ kò yẹ ní oúnjẹ ojoojúmọ́.

Èyí tó wúwo jù nínú àwọn àtakò náà ni ti àṣà. Ọ̀pọ̀ gbà pé oúnjẹ tí kò bá ọbẹ̀ rìn kì í ṣe oúnjẹ ọmọlúàbí, pé ti ẹni tí kò rílé gbé ni. Àwọn baba wa kò fi gbogbo ìgbà jẹun bẹ́ẹ̀. Nínú oko kòkó ní Oǹdó àti Àkúrẹ́, àgbẹ̀ kì í ru ọlọ lọ sóko. Iṣu sísun, epo pupa, iyọ̀ àti ẹja gbígbẹ ti tó o, agbára iṣẹ́ ọjọ́ náà sì wà nínú rẹ̀. Àwọn Ìlàjẹ tí wọ́n ń fi pùpurú jẹ ọbẹ̀ marúgbó nílé kò dúró de marúgbó nínú ọkọ̀ ojú omi. Ẹja tó bá ti inú àwọ̀n jáde ni wọ́n ń yan tàbí sè nínú omi òun iyọ̀. Gàrí tútù àti ẹja kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ìṣe oko àti ìṣe odò jẹ́ àṣà gẹ́gẹ́ bí ìṣe ilé ṣe jẹ́ àṣà, àwọn tó dá wọn sílẹ̀ sì jẹ́ àwọn tó wà láwọn nìkan, tí kò ráyè, tí wọ́n sì ń fẹ́ jẹun gidi. Ẹni tó ń dá gbé lónìí nínú yàrá kan ní Ìjù sún mọ́ àwọn yẹn ju agbo ilé lọ. Àpẹẹrẹ wọn náà dá àwọn tó ní ọkùnrin kò gbọdọ̀ dáná lóhùn: ọdẹ nínú àgọ́ rẹ̀ àti apẹja lórí omi kò pe ìyàwó kí wọ́n tó jẹun. Ọkùnrin tí ikú ìyàwó wá sọ di ẹni tí ń jẹ búrẹ́dì lálẹ́, ìgbéraga yìí ni yóò pa á lára.

Egungun àti òórùn ló kù, wọn kò sì gba àròyé púpọ̀. Egungun Titus àti ti àrọ̀ tóbi, wọ́n sì ṣeé yọ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹja bá ti jinná. Ti ṣáwá ló kéré tó sì pọ̀, nítorí náà ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò balẹ̀ tàbí tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa kó má fi í bẹ̀rẹ̀. Ní ti òórùn, ọsàn wẹ́wẹ́ ń pa á, nítorí kíkan inú rẹ̀ ń dá èròjà tó ń mú ẹja rùn dúró kó má baà fò jáde. Kí èèyàn fún un sí ẹja kó tó sè é, kó sì fún un sọ́wọ́ lẹ́yìn tó bá fọ abọ́. Yíyọ̀ ara àrọ̀ náà kò yẹ kó dẹ́rù bani: omi gbígbóná àti iyọ̀ ń bọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni èèyàn lè ní kí ẹni tó tà á bá òun ṣe é.

Àwọn àgbà sọ pé ibi pẹlẹbẹ ni a ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Ọ̀nà tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìdáná ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó le jù: ọbẹ̀ ata fún ìdílé. Ọmọ tí kò bá mọ̀ ọ́n ṣe ń lọ sí yunifásítì tàbí síbi ìsìnlú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé òun kò mọ oúnjẹ í sè rárá, nígbà tó jẹ́ pé òye ìṣẹ́jú méjìlá ló ṣaláìní. Ó yẹ kí àwọn òbí àti àwọn olùkọ́ tó ń kọ́ni nípa oúnjẹ nílé ẹ̀kọ́ girama fi ìkòkò ẹnì kan ṣíwájú ìkòkò agbo ilé, kí wọ́n kọ́ ọkùnrin àti obìnrin bí wọ́n ṣe ń yan ẹja lọ́jà, bí wọ́n ṣe ń sè é láìdín, àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n dà á nù. Ẹni tó bá mọ ìyẹn lè wá kọ́ ọbẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la, nígbà tí ó bá ní àwọn tí yóò jọ máa jẹ ẹ́. Bí kò bá sì kọ́ ọ láéláé, tí ó ṣáà ń jẹ ẹja lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti iṣu tirẹ̀, kò sí ohun tó yẹ ká bá a wí fún. Ó ti ń bọ́ ara rẹ̀ dáadáa, ìyẹn gan-an sì ni iṣẹ́ tí ìdáná wà fún.